Yorùbá ṣáájú, Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e: kí ló yẹ kí sáfà ṣe tí ìbéèrè wa kò bá yé e?

Tí ẹ bá wọ ibi ètò èdè nínú aṣàwákiri yín, tí ẹ fi Yorùbá sí òkè pátápátá, tí ẹ sì jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, láti ọjọ́ náà lọ ni aṣàwákiri náà yóò ti máa kọ ìlà kékeré kan mọ́ gbogbo ìbéèrè tó bá ń bá yín gbé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìlà náà ṣe lè rí nìyí:

Accept-Language: yo,en-US;q=0.9,en;q=0.8

Ẹ̀yin fúnra yín ò ní rí i, nítorí kì í hàn lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń sọ ni pé: "Ẹni tó rán mi níṣẹ́ fẹ́ Yorùbá jù lọ. Tí kò bá sí, Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà náà dáa. Tí ìyẹn náà kò bá sí, kí ẹ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀." Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé q ń sọ bí a ṣe fẹ́ èdè kọ̀ọ̀kan tó, láti 0 dé 1. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà kankan, 1 ni tirẹ̀. Tí q bá jẹ́ 0, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé "ẹ má gbé ìyẹn wá fún mi rárá."

Hẹ́dà ni wọ́n ń pe irú ìlà báyìí, ó sì pọ̀ nínú ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ wò ó bí ìgbà tí ìyá bá rán ọmọ lọ sọ́jà: "Lọ bá mi ra gàrí Ìjẹ̀bú kóńgò méjì wá. Tí kò bá sí ti Ìjẹ̀bú, gba èyí tó bá wà. Sọ fún wọn pé èmi ni mo rán ẹ." Gàrí ni iṣẹ́ tí wọ́n rán ọmọ náà. Gbogbo ìyókù, irú gàrí, iye kóńgò, orúkọ ẹni tó ránni, ìyẹn ni hẹ́dà. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá wa lóhùn láti ọ̀nà jíjìn, ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tí a rán ni aṣàwákiri, ìyẹn Chrome, Firefox, Safari àti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan àwa tí à ń kọ́ nípa èdè ni ìgbà tí iṣẹ́ tí ọmọ náà jẹ́ kò bá yé oníṣọ́ọ̀bù. Ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n béèrè kò sí lórí igbá. Ó lè jẹ́ pé oníṣọ́ọ̀bù kò gbọ́ orúkọ nǹkan náà rí. Ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ náà ta ko ara rẹ̀: ìyá ní kóńgò méjì, bébà tó wà lọ́wọ́ ọmọ ní mẹ́rin. Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ sáfà fi ń wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tí èdè rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìyà rẹ̀ sì ń jẹ jù.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí kò sí lórí igbá. Aṣàwákiri ní òun fẹ́ Yorùbá, sáfà kò ní ju Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lọ. Nọ́ńbà èsì kan wà fún èyí, 406, tó túmọ̀ sí pé "n kò ní irú ohun tí o fẹ́ gbà." Ó tọ́ lójú òfin. Ṣùgbọ́n ó dà bí oníṣọ́ọ̀bù tó lé ọmọ padà sílé lọ́wọ́ òfo nítorí pé gàrí Ìjẹ̀bú ti tán, láìfi èyí tó wà nílẹ̀ hàn án. RFC 9110, ìwé ìlànà HTTP tó jáde ní 2022, mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó ní sáfà lè fi 406 dáhùn, ó tún lè ṣe bí ẹni pé kò rí hẹ́dà èdè náà, kó gbé ohun tó ní jáde. Ṣùgbọ́n kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lo 406 níbẹ̀, nítorí ó lè dí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó wúlò fún un, bóyá nípa fífi ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹni tó ní òun fẹ́ Yorùbá jù lọ kò sọ pé òun kò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Kí sáfà tó sọ pé òun kò ní, ó yẹ kó kọ́kọ́ wá a dáadáa. Orúkọ tí à ń pe àwọn èdè lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní apá: yo ni Yorùbá, yo-NG ni Yorùbá ti Nàìjíríà, yo-BJ ni ti Bẹ̀nẹ̀. RFC 4647, tó jáde ní 2006, ṣàlàyé bí a ṣe ń wá èdè: tí ẹnì kan bá béèrè yo-Latn-NG tí kò sí, kí a gé apá ìkẹyìn kúrò, kí a wá yo-Latn, tí ìyẹn kò bá sí, kí a gé e sí i, kí a wá yo. Ìgbà tí gbogbo èyí bá kùnà ni a óò tó lọ sórí èdè kejì tí ẹni náà dárúkọ. Iṣẹ́ tó rọrùn ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ètò ni kì í ṣe é. Wọ́n á fi yo-NG wé yo ní lẹ́tà sí lẹ́tà, wọ́n á rí i pé wọn ò dọ́gba, wọ́n á sì gbé Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ojú ewé Yorùbá wà nínú sáfà, ẹni tó béèrè Yorùbá wà níta, wọn ò pàdé.

Ọ̀rọ̀ yo-BJ tún dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. CLDR ni ibi tí àwọn ará Unicode ń kó orúkọ ọjọ́, orúkọ oṣù àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ sí ní èdè púpọ̀, kí fóònù àti kọ̀ǹpútà lè lò ó. Níbẹ̀, yo dá dúró, yo-BJ náà dá dúró. Kì í ṣe pé wọ́n ka Yorùbá Bẹ̀nẹ̀ sí èdè mìíràn. Àkọtọ́ ló yàtọ̀. Níbi tí àwa ń kọ ẹ, ọ àti ṣ, àwọn ń kọ ɛ, ɔ àti sh, nítorí náà ọjọ́ tiwa ni ɔjɔ́ tiwọn. Ará Kétu tó bá fi yo-BJ béèrè ojú ewé lọ́wọ́ sáfà tó ní yo nìkan yóò gba àkọtọ́ Nàìjíríà, yóò sì kà á láìlágbára jù. Ẹ wá yí i padà. Sáfà ní yo-BJ nìkan, ọmọ Ìbàdàn béèrè yo. Pẹ̀lú ọ̀nà gígé tí mo ṣàlàyé, kò ní rí i! A lè gé yo-BJ di yo, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó sọ fún ẹ̀rọ náà pé kó fi nǹkan kún yo kó lè di yo-BJ. RFC kan náà ní ọ̀nà kejì, tó dà bí ajọ̀, tó ń kó gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yo jọ. Ìyẹn yóò rí i. A ti gbọ́ nípa ẹ̀ka-èdè méjì tí ọ̀kan gbọ́ èkejì ju bí èkejì ṣe gbọ́ ọ lọ. Nínú ẹ̀rọ, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ti inú yíyan ọ̀nà ìwákiri wá, láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu sọ̀rọ̀.

Àwọn sáfà kan tilẹ̀ wà tí wọn kì í ka hẹ́dà yìí rárá. Wọ́n á wo ibi tí ìbéèrè ti wá, wọ́n á sì fi ìlú pinnu èdè. Ọmọ Yorùbá tó bá kọjá láti Ìdírókò sí Kútọnu, tó ṣí fóònù rẹ̀, Faransé ni wọn yóò kó bò ó. Èdè tó fẹ́ wà nínú ìwé tó mú lọ́wọ́, wọn ò kàn là á wò ni.

Èyí tó jẹ́ pé sáfà kò gbọ́ ọ rí ńkọ́? Ní kíláàsì fonọ́lọ́jì ni a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò sí pín sí oríṣi méjì. N kò tíì gbọ́ "dàkúrẹ̀fì" rí nínú Yorùbá, ṣùgbọ́n ó lè wà. Kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ́lì kan, bẹ́ẹ̀ ni ó tò lọ, ohùn sì wà lórí sílébù kọ̀ọ̀kan. Tí ẹnì kan bá sọ ọṣẹ tuntun ní Dàkúrẹ̀fì lọ́la, kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. "Strakt" ní tirẹ̀ kò lè wọ èdè wa bó ṣe wà: kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta so kọ́ra lórí, méjì tún dé e nídìí. Àkọ́kọ́, ìrísí rẹ̀ tọ́, ó kàn jẹ́ pé kò sí nínú ìwé ọ̀rọ̀. Èkejì, ìrísí rẹ̀ gan-an ni kò tọ́.

RFC 5646, tó jáde ní 2009, pín orúkọ èdè lọ́nà kan náà gẹ́lẹ́. Ó yọ èyí tí ìrísí rẹ̀ tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ tí àjọ IANA ń tọ́jú. Tí a bá fi wò ó, yo-NG yege nínú méjèèjì. "yoruba" tí ẹnì kan bá kọ gbọrọgbọrọ yege nínú ti ìrísí nìkan, nítorí apá tó dúró fún èdè lè ní tó lẹ́tà mẹ́jọ, ṣùgbọ́n kò sí èdè kankan tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ báyẹn. "yor" náà yege nínú ìrísí. Òun ni ISO 639-3 fún Yorùbá, síbẹ̀ òfin àkọsílẹ̀ IANA ni pé èdè tó bá ti ní lẹ́tà méjì, lẹ́tà méjì náà ni kí a lò. (CLDR mọ èyí, ó ní àtẹ kan tó ń dá yor padà sí yo.) Ṣùgbọ́n yo_NG, pẹ̀lú ìlà ìsàlẹ̀ láàrin, ti ṣubú láti ẹnu ọ̀nà. Àmì tó yẹ níbẹ̀ ni ìlà àárín. Ẹ má sì bú ẹni tó kọ ọ́ báyẹn, nítorí bí Linux ṣe ń kọ orúkọ wọn nìyẹn, ọwọ́ àwọn tó ń kọ ètò ti mọ́ ọn.

Kí ló yẹ kí sáfà ṣe sí wọn? Èyí tí ìrísí rẹ̀ tọ́ tí kò mọ̀, kó fò ó, kó lọ sórí èyí tó kàn. Èyí tí ìrísí rẹ̀ kò tọ́, kó yọ ọ́ dànù, kó máa bá ìyókù lọ. Tí kò bá ṣẹ́ ku ohunkóhun, kó ṣe bí ẹni pé wọn ò kọ hẹ́dà náà rárá, kó gbé èdè tó máa ń lò jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún q tó ju 1 lọ. Ní ti yo_NG, n kò rò pé ó burú láti tún un ṣe sí yo-NG, nítorí kò lè ní ìtumọ̀ méjì. Ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ Yorùbá yóò rí Yorùbá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ yàtọ̀ sí èyí. Nínú JavaScript, tí ẹ bá ní kí ó kọ ọjọ́ òní jáde ní "yo_NG", kò ní fò ó, kò ní tún un ṣe. RangeError ni yóò jù sílẹ̀, tí ẹni tó kọ ètò náà kò bá sì ti ṣètò láti gbá a mú, gbogbo iṣẹ́ náà dúró. "*" tún wà. Nínú Accept-Language, àmì yìí bófin mu, ó túmọ̀ sí "èdè èyíkéyìí," òun sì ni fetch ti Node.js máa ń fi ránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá yan èdè fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ èdè. Ètò tó bá kàn gba ohun tó wà nínú hẹ́dà, tó gbé e fún ẹ̀rọ tó ń kọ ọjọ́, yóò ṣubú lórí ìbéèrè tí kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Nínú Python, locale.setlocale máa ń kọ̀ jálẹ̀ tí wọn kò bá tíì fi èdè náà sórí kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹni tó béèrè á wá rí 500, tó túmọ̀ sí pé sáfà ní ìṣòro, tàbí kó rí ojú ewé funfun báláú.

Ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lo Yorùbá lórí fóònù rẹ̀ nìyẹn, lórí ojú ewé ìforúkọsílẹ̀ kan tí n kò ní dárúkọ. Funfun báláú. Ó tún un ṣe títí, ó pààrọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ra dátà kún dátà. Ìgbà tó yí èdè fóònù padà sí Gẹ̀ẹ́sì ló ṣí. Títí di òní, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí fóònù náà.

Ẹ jẹ́ ká rìn padà díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1980, nígbà tí Jon Postel ń kọ ìlànà TCP, ó fi ìmọ̀ràn kan sí i tó di òwe láàrin àwọn onímọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì: kí o ṣọ́ra gidigidi nínú ohun tí ìwọ ń fi ránṣẹ́, kí o sì lawọ́ nínú ohun tí o ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó dùn létí, ó jọ ìwà ọmọlúàbí. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n RFC 9413, tó jáde ní 2023, tako bí a ṣe ń lò ó. Tí gbogbo sáfà bá ń gba àṣìṣe wọlé láìsọ̀rọ̀, ẹni tó ń ṣe àṣìṣe kò ní mọ̀. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀. Ó pẹ́ ó yá, àṣìṣe á di òfin, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ sáfà tuntun gbọ́dọ̀ kọ́ gbogbo àṣìṣe àtẹ̀yìnwá. Ẹ̀rí wà nínú HTTP fúnra rẹ̀. Hẹ́dà tó ń sọ ojú ewé tí a ti wá, Referer ni wọ́n ń kọ ọ́, lẹ́tà r kan ló yẹ kó tún wà láàrin rẹ̀. Wọ́n ti rí àṣìṣe náà nígbà tí RFC 1945 jáde ní 1996, ṣùgbọ́n ó ti tàn kálẹ̀. Kò sí ẹni tó lè yí i padà mọ́. Àwa tí wọ́n kọ́ pé bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ ni èdè, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu.

Ìnira tó wà ní òdìkejì kò kéré ṣá o. Sáfà tí kò mọ bí a ṣe ń fojú fo ohun tuntun lè dí gbogbo ayé lọ́nà. Nígbà tí Opera dé ẹ̀dà 10 ní 2009, àwọn ojú ewé kan wà tí wọ́n ń ka nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan nínú orúkọ tí aṣàwákiri fi ń júwe ara rẹ̀. Wọ́n rí 1, wọ́n rò pé Opera 1 ló dé. Opera wá ń pe ara rẹ̀ ní 9.80, ó sì fi nọ́ńbà gidi pa mọ́ sí ìparí ìlà. Ẹ̀rù irú èyí tún ba Chrome àti Firefox nígbà tí wọ́n fẹ́ dé ẹ̀dà 100 ní 2022. TLS 1.3, tí à ń fi bo àṣírí ọ̀rọ̀ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jáde ní 2018. Nítorí pé àwọn sáfà kan máa ń já ìsopọ̀ tí wọ́n bá rí nọ́ńbà ẹ̀dà tí wọn kò mọ̀, ó ní láti wọ aṣọ TLS 1.2 ní gbangba, kó sì sọ orúkọ rẹ̀ gidi níbòmíràn nínú lẹ́tà náà.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá dá ọgbọ́n kan tí mo gbádùn gan-an. GREASE ni wọ́n pè é, ó wà nínú RFC 8701 ti 2020. Chrome a máa fi àwọn nọ́ńbà tí kò túmọ̀ sí ohunkóhun sínú ìbéèrè rẹ̀, ó sì máa ń pààrọ̀ wọn. Sáfà tó ń fojú fo ohun tí kò mọ̀ kò ní rí ìyọnu kankan. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe yóò kùnà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹni tó kọ ọ́ tó gbé e síta. Bí ilẹ̀kùn tí a kì í ṣí bá ti dípẹtà, kò ní ṣí lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da gírísì sí i lójoojúmọ́. RFC 9110 sì ti sọ òfin ọ̀hún ní kedere: hẹ́dà tí sáfà kò bá mọ̀, kó fojú fò ó.

Ó wá ku iṣẹ́ tó ta ko ara rẹ̀, ìyẹn kóńgò méjì lẹ́nu ọmọ, mẹ́rin nínú bébà. Níbí, ìlawọ́ di ewu. Àwọn hẹ́dà kan wà tí kì í ṣe ti ohun tí ọkàn wa fẹ́. Àwọn ló ń sọ ibi tí lẹ́tà náà parí sí àti ẹni tí a kọ ọ́ sí. Content-Length ń ka gígùn ohun tó wà nínú ìbéèrè. Transfer-Encoding ń sọ ọ̀nà mìíràn láti mọ òpin rẹ̀. Tí méjèèjì bá wà pọ̀, ta ni kí a gbà gbọ́? Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sáfà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sábà máa ń wà láàrin wa àti ohun tí a béèrè: ọ̀kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, èkejì wà nínú yàrá. Tí ti ẹnu ọ̀nà bá gba Content-Length gbọ́, tí ti inú yàrá gba Transfer-Encoding gbọ́, ibi tí wọ́n rò pé lẹ́tà parí sí yóò yàtọ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù láàrin, sáfà inú yàrá yóò kà á sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ẹni tó tẹ̀ lé e. Olè lè tipa bẹ́ẹ̀ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ẹnu ẹlòmíràn. Àwọn olùwádìí ní Watchfire ló gbé èyí jáde ní 2005. James Kettle ti PortSwigger tún jí i dìde ní 2019, ó sì fi hàn pé àwọn ojú ewé ńláńlá ṣì wà tó lè kó sí i.

Ìdí nìyí tí RFC 9112 kò fi bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà lórí ọ̀ràn yìí. Ìbéèrè HTTP/1.1 tí kò ní Host, tàbí tó ní Host méjì, 400 ni kí sáfà fún un, ìyẹn "ìbéèrè rẹ kò tọ́." Tí àlàfo bá wà láàrin orúkọ hẹ́dà àti àmì kọ́lọ̀nù tó tẹ̀ lé e, 400 náà ni. Àlàfo lásán! Ṣùgbọ́n sáfà kan lè ka orúkọ náà mọ́ àlàfo, kí èkejì má kà á mọ́ ọn, kí àríyànjiyàn wọn sì di ilẹ̀kùn fún olè. Content-Length tí kì í ṣe nọ́ńbà gidi, kí wọ́n kọ̀ ọ́, kí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn ìsopọ̀ náà. Ní tèmi, ohun tó yẹ kí ẹni tó ń kọ sáfà máa bi ara rẹ̀ ni pé: tí mo bá ṣi èyí túmọ̀, ta ni yóò fara gbá? Tí ó bá jẹ́ ẹni tó béèrè nìkan, tó sì jẹ́ pé èdè tí kò fẹ́ jù ló máa rí, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Tí ó bá lè kan ẹlòmíràn, kí n dúró, kí n sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó béèrè.

Fífojú fò ó kò túmọ̀ sí pé kí a gbàgbé rẹ̀. Sáfà a máa ní ìwé àkọsílẹ̀ tó ń kọ ìbéèrè tó bá wọlé sí. Tí ẹnì kan bá béèrè Yorùbá tí kò sí, ó yẹ kí ó wà nínú ìwé náà pé a béèrè Yorùbá lónìí, a ò ní. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́ láti náwó sórí ìtumọ̀ sí Yorùbá, ìwé yìí ni yóò wò. Ẹ wá wo ohun tí ojú ewé funfun tí ọ̀rẹ́ mi rí ń ṣe. Ó lé e padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìbéèrè rẹ̀ lọ síbi gbogbo ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì lòun fẹ́. Ẹni tó bá ka ìwé àkọsílẹ̀ yóò ní kò sí ẹni tó ń béèrè Yorùbá, kí ló dé tí a ó fi ṣe é? Kò sí ìpàdé kankan tí wọ́n ti jókòó pinnu pé kí wọ́n yọ Yorùbá kúrò. Àṣìṣe kékeré kan nínú ètò ló ń yọ wá kúrò nínú ìkànìyàn, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan.

Ìṣọ́ra wà nínú kíkọ ọ́ sílẹ̀ o. Ní Oṣù Kejìlá 2021, Log4Shell kó àwọn ilé iṣẹ́ káàkiri ayé sí wàhálà. Log4j, tí àwọn ètò Java ń lò láti kọ àkọsílẹ̀, máa ń ka àwọn àmì kan bí àṣẹ; àwọn olè kàn kọ àṣẹ náà sínú hẹ́dà, sáfà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì ṣe ohun tí ó kà. Nítorí náà, ohun tó bá ti inú hẹ́dà jáde, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Kí a dà á kọ bí a ṣe ń da ọ̀rọ̀ ẹni tí a ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kọ, kí a má ṣe gbà á ní àṣẹ. Kí a má sì fi orúkọ èdè tó wà nínú hẹ́dà wá fáìlì tààrà, nítorí kò sí ohun tó ní kí ẹni tó kọ ọ́ má kọ ọ̀nà lọ sínú fáìlì ìkọ̀kọ̀ síbẹ̀ dípò yo. Ohun kan tún wà: ẹni tó ń fi yo ránṣẹ́ kò wọ́pọ̀, ó sì rọrùn láti fi dá a mọ̀ láàrin èrò. RFC 9110 fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kíkó gbogbo èdè tí a fẹ́ síta nígbà gbogbo lè tú àṣírí ẹni. Iye ìgbà tí wọ́n béèrè Yorùbá ti tó fún ọ̀gá ilé iṣẹ́. Kò nílò orúkọ ẹni tó béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tí ẹ sì ń bá àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ìtumọ̀, ẹ lè dán ojú ewé tí ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lé lórí wò láìjẹ́ pé ẹ mọ ètò kíkọ. Ẹ ṣí tẹ́mínà lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ kọ curl -I -H "Accept-Language: yo_NG,yo-BJ,*;q=0.5", kí àdírẹ́sì ojú ewé náà tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà tó wà lórí ìlà àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: 200 ló dáa, tàbí èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3, tó kàn ń darí yín sí àdírẹ́sì mìíràn. Tó bá jẹ́ 406 tàbí 500, tí ó sì di 200 nígbà tí ẹ fi en dípò gbogbo rẹ̀, ẹ ti rí i nìyẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá Content-Language, tó ń sọ èdè tí wọ́n fi dáhùn, àti Vary. Tí ojú ewé náà bá ní ju èdè kan lọ, ó yẹ kí Accept-Language wà nínú Vary. Tí kò bá sí níbẹ̀, ibi ìfipamọ́ tó wà láàrin ọ̀nà lè gbé ojú ewé Yorùbá tí ẹ béèrè fún ẹlòmíràn tó fẹ́ Faransé. Ẹ da èsì náà kọ bó ṣe wà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú sáfà náà, kí ẹ sì fi ìlà tí ẹ fi béèrè sí i, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.